Màmá Prínsípà àti Àwọn Ọmọ Inú Asẹ́

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. A ti sin Màmá, àwọn àlejò ti lọ, àwọn tó ni àga ti wá kó àga wọn. Ìkòkò ńlá tí a yá lọ́wọ́ ará ilé kejì ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ ọ́. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, àbúrò ìyá mi, ló ní kí n jókòó kọ nǹkan nípa Màmá fún àwọn ẹbí tó wà lókè òkun tí wọn ò ráyè wá. Ó ní kí n kọ ọ́ kó gùn, kó sì dùn. Ó wá fi kún un pé, "Ìbùkún, mo bẹ̀ ẹ́, má mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú ẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ. Mi ò mọ Màmá mìíràn tí mo lè kọ nípa rẹ̀. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, jẹ́ prínsípà ilé ìwé girama ìjọba kan ní Festac níbí, gbogbo Amúwò ló sì mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kì í ṣe ojúsàájú. Lọ́dún kan, ó ṣe ohun kan tó gbé ilé ìwé náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní akọni obìnrin ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní kò sí akọni kankan níbẹ̀, pé torí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ìṣirò ló ṣe ṣe é. Èmi ni ọmọ-ọmọ náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá àwọn èèyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jà ní ọjà Àgbójú, mo tilẹ̀ bá ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ mi jà lórí ẹ̀, bí èmi àti ẹ̀ ṣe pín gààrí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ pín fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn láyé ọjọ́un. Bàbá àgbà ni wọ́n pín in fún, òun sì ti kú kí wọ́n tó bí mi. Erékùṣù Èkó ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, nítorí náà Màmá ló tọ́ mi. Obìnrin kúkúrú ni, ó máa ń rìn kíákíá, báírò pupa kan kì í sì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í fi báírò yẹn tún ṣe. Bí wọ́n bá fún un níwèé ìpè ìgbéyàwó, á kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe inú rẹ̀ kó tó wo ọjọ́ tó bọ́ sí. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bẹ̀rù rẹ̀ ju Pásítọ̀ lọ. Nígbà tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya, ó kọ lẹ́tà sílé pé àárò ìyá òun ń sọ òun. Màmá tún lẹ́tà náà ṣe látòkè délẹ̀, ó fún un ní máàkì, ó sì fi ránṣẹ́ padà sí i. Láti ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá Ṣẹ́gun ò kọ lẹ́tà sí i mọ́. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun náà fẹ́ràn ẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Ó ní, "Ìfẹ́ wo ló tún ju kí n kà á tán lọ?"

Ó tún máa ń ka orí. Níbikíbi tí ọmọdé bá ti pọ̀, Màmá á máa fi ìka tọ́ka sí wọn, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì wa kó àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù lọ sí etí òkun ní Badagry. Nígbà tí bọ́ọ̀sì padà dé, Pásítọ̀ ní ká dìde ká dúpẹ́ pé Ọlọ́run mú wa lọ, ó mú wa bọ̀. Wọ́n ti ń gbàdúrà lọ ní pẹrẹu nígbà tí Màmá pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Pásítọ̀, ẹ dá àmín yẹn dúró ná, ó ku ẹnì kan!" Òótọ́ sì ni. Ọmọ kékeré kan ti sùn lọ sábẹ́ àga lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, dẹ́rẹ́bà sì ti fẹ́ tilẹ̀kùn máa lọ sílé ẹ̀ ní Mazamaza. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ní, "Ẹ máa kà wọ́n kí ẹ tó dúpẹ́, sà."

Òun àti Pásítọ̀ yẹn náà jà. Lọ́dọọdún, tí èsì ìdánwò àṣejáde bá jáde, Pásítọ̀ á ní kí àwọn ọmọ tó yege jáde wá síwájú, wọ́n á jó, ìjọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gbàdúrà lé wọn lórí. Àwọn tí kò yege á jókòó sí àyè wọn, wọ́n á máa wo bàtà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan báyìí, Màmá dìde, ó rìn lọ síwájú, gbogbo wa rò pé ó fẹ́ lọ jó ni. Ó gba maikirofóònù lọ́wọ́ Pásítọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Àwọn tó wà níwájú níbí ti rí àdúrà wọn gbà. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn yẹn ló nílò rẹ̀." Ìyá mi ní ojú ti òun, pé Màmá ti sọ ilé Ọlọ́run di sitáfù rúùmù. Fún oṣù mẹ́ta, àwọn méjèèjì kì í jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló fi ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Alágbà kan wà lókè wa tó ní ilé ẹ̀kọ́ àdáni kékeré kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ń fò fáyọ̀, pé gbogbo ọmọ òun ló yege, pé ẹyọ kan ṣoṣo ò fìdí rẹmi. Màmá ní, "Ẹ kú oríire o. Mélòó ló wọlé?" Ó ní ọmọ mẹ́sàn-án ló ṣe ìdánwò. Màmá ní òun ò bi í mélòó ló ṣe ìdánwò, pé mélòó ló wọ kíláàsì náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin náà yí padà, ó gun òkè lọ. Kò kí Màmá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó bá rí i nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn á dúró kó kọjá ná. Mo ní kí Màmá lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ara mi ni mo ń bi léèrè, òun kọ́."

Ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá rèé. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí tolórí-tẹlẹ́mù ń gbé kiri, àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ gbé ètò kan jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ilé ìwé ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń sùn. Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, wọ́n á ka iye ọmọ tó yege, wọ́n á fi wé iye tó jókòó ṣe é. Ilé ìwé tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á kan pátákó àwọ̀ ewé mọ́ géètì rẹ̀. Èyí tó bá kùnà, wọ́n á kan pátákó pupa, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Prínsípà tó bá ní pátákó pupa mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ gbé òun kúrò. Kí n sọ òótọ́, Màmá pàtẹ́wọ́ fún wọn níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnì kan wá bi àwọn prínsípà léèrè iṣẹ́.

Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì péré nínú iṣẹ́ olùkọ́ á rí ibi tí ètò yẹn ti jò. Àwọn tó jókòó nìkan ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, ọ̀nà tó yá jù láti gba pátákó ewé ni kí o má jẹ́ kí ẹni tó máa kùnà jókòó rárá. Gbogbo ilé ìwé ló ń ṣe ìdánwò ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀kì ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ti gidi. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú mọ́ọ̀kì, prínsípà á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, ó tán. Àwọn olùkọ́ ń pè é ní sísẹ́, bíi kéèyàn máa sẹ́ ògì. Èyí tó dáa á kọjá, èérí á kù sínú asẹ́. Kò sí ìwé àṣẹ kankan tó ní kí wọ́n ṣe é. Mi ò sì gbọ́ orúkọ prínsípà kan tí kì í ṣe é.

Màmá náà sẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo ní àṣeyanjú náà ló ṣe ṣe ìyẹn. Lọ́dún kejì ètò náà, ọmọ méjìdínlógójì ló fi báírò pupa fagi lé. Ilé ìwé rẹ̀ ló gba ipò kìíní ní gbogbo àdúgbò wa, wọ́n kan pátákó ewé mọ́ géètì, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ra aago ògiri ńlá fún un, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sójú aago náà. Wọ́n pa màlúù. Èmi náà jó lọ́jọ́ yẹn, bàtà mi já.

Ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlógójì yẹn ni Rísíkátù. Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ló ti ń wá, kíláàsì kan ló fi jù mí lọ, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró nínú mọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní fàráńdà wa, òun àti ìyá rẹ̀ wọlé wá. Kí n tó kí wọn tán, ìyá rẹ̀ ti wà lórí eékún.

Màmá ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Kó tún kíláàsì náà ṣe, lọ́dún tó ń bọ̀ á ṣe dáadáa."

"Mà, lọ́dún tó ń bọ̀ àbúrò ẹ̀ ló kàn. Bàbá wọn ti sọ ọ́, ẹnì kan lòun lè bójú tó dé ibi ìdánwò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wa fi í sí i. Bó bá tiẹ̀ fìdí rẹmi, kó fìdí rẹmi. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jókòó."

"Mi ò lè ṣe é. Bí mo bá ṣe é fún un, mo gbọ́dọ̀ ṣe é fún gbogbo wọn."

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, ó dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o, ó dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Rísíkátù tilẹ̀ ju ọwọ́ sí mi láti ẹnu géètì. Màmá wọlé lọ po tíì, ó ní kí n má ṣe wo òun bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òfin ò mọ ojú ẹnikẹ́ni."

Ọdún kan kọjá. Èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ ní Mazamaza, à ń lọ síbi ìsìnkú kan ní ọ̀nà Badagry. Àwọn oníbúrẹ́dì sáré bo ọkọ̀ wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, Prínsípà wa!" Rísíkátù ni. Ó gbé àtẹ búrẹ́dì lé orí, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú èéfín ọkọ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀. Ó ju búrẹ́dì méjì sí Màmá lẹ́sẹ̀. Màmá ń wá owó nínú àpò, Rísíkátù ní láéláé, òun ò ní gbà á. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà, mà. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn." Ọkọ̀ gbéra. Màmá gbé búrẹ́dì yẹn lé itan títí a fi dé ibi tí à ń lọ. Èmi ò jẹ, òun ò jẹ. Nígbà tí a bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé e fún ọmọ kan tó ń kọjá, ó ní, "Kò bínú sí mi, Ìbùkún. Ó yẹ kó bínú."

Ọdún yẹn kan náà ló kàn mí. Inú ilé ìwé Màmá ni mo wà, mo sì gba méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún nínú mọ́ọ̀kì ìṣirò. Méjìlá! Mo mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nílé, ìṣe Màmá ò yí padà. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń ní kí n lọ gbé omi wá, bí ìgbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ní ilé ìwé, gbogbo olùkọ́ ló ń wò mí tìka-tẹ̀gbin. Mo fetí ara mi gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, igbákejì Màmá, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn fèrèsé pé, "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá asẹ́ Prínsípà mọ ọmọ ẹ̀."

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ bọ́ọ̀dù, Màmá jáde sí wa ní àpéjọ òwúrọ̀, kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò yọ ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí. Gbogbo ẹni tó wọlé ló máa jókòó." Ariwo tó sọ, wọ́n gbọ́ ọ ní Àgbójú. Àwọn ọmọ ń fò mọ́ ara wọn. Èmi nìkan ni mo dúró bí igi, torí ojú gbogbo wọn ti yí sọ́dọ̀ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà wá sílé. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń gbọ́ wọn.

Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Pupa ni wọ́n máa kàn fún wa o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì mọ ohun tí ayé máa sọ. Wọ́n máa ní torí Ìbùkún ni."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀ kó má dún. Mo fẹ́ gbọ́ kí Màmá sọ pé rárá o, kì í ṣe torí ẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́," ni Màmá sọ. Ìyẹn nìkan. Ọdún méje ni mo fi gbé gbólóhùn yẹn kiri, tí mo ń yí i sọ́tùn-ún, tí mo ń yí i sósì.

Láti ọjọ́ kejì ló ti kó gbogbo àwa èérí asẹ́ lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà ilé ìwé, ó ń kọ́ wa lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ ẹnì kan pé kó máa kọ́ wa ní ìṣirò. Ó ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Nígbà tí èsì dé, àwọn kan nínú wa yege, èyí sì ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Àwọn tó pọ̀ jù ò yege. Èmi fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Mo wà lára àwọn tó fa ilé ìwé náà wálẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì. Màmá wá jókòó tì mí, ó ní, "O jókòó ṣe é. A óò tún un ṣe."

Nígbà tí wọ́n wá kan pátákó pupa, ọkùnrin tó fẹ́ kàn án gbé àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì wá. Ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́, torí inú ń bí gbogbo olùkọ́. Màmá ló jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, tòun ti gèlè, ló di àkàbà náà mú fún un. Ó ní, "Kàn án dáadáa o, kó má já lu ọmọ kankan lórí."

Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá kan ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìntì. Wọn ò fún un níṣẹ́, ló bá fún ara rẹ̀ níṣẹ́. Ó ń kọ lẹ́tà. Ní gbogbo táàmù, ó ń kọ ọ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n ṣíwọ́ kíka àwọn tó jókòó nìkan. Kí wọ́n ka àwọn tó wọlé, kí wọ́n bi prínsípà léèrè ibi tí àwọn tó kù wà. Kí wọ́n wo ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó gba odo tó wá gba ogójì ti rìn jìnnà ju ọmọ tó gba àádọ́ta látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fèsì, ìlà méjì, pé àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀, àwọn sì dúpẹ́. Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú ìlà méjì náà. Ó fi báírò pupa tún un ṣe, ó sì dá a padà sí wọn. Ìyá mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi, wọn ò ní gbọ́." Ó ní òun náà mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò ní rí i wí pé ẹnì kan ò sọ fún wọn."

Ní àwọn ọjọ́ Sátidé, ó ń wá àwọn méjìdínlógójì yẹn kiri. Ó ní réjísítà àtijọ́ lọ́wọ́, èmi ló máa ń mú dání. A rìn ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, a rìn ní ẹ̀yìn ọjà Àgbójú, oòrùn pa wá, ajá lé wa. Mọ́kànlá la rí. Márùn-ún gbà láti wá kàwé ní fàráńdà wa, èmi náà bá wọn jókòó, mẹ́ta nínú wọn yege pẹ̀lú mi ní ọdún kejì. Àwọn yòókù ti di ẹni tó ń gbọ́ bùkátà. Rísíkátù pọn ọmọ sẹ́yìn nígbà tí a débẹ̀. Ó gbé àga fún Màmá, ó fún un lómi, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó ti kọjá lára mi." Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo ń fi ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ẹ, àwa méjì nìkan la wà nílé. Mi ò mọ ohun tó gbé mi, mo kàn ṣàdédé bi í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọdún tí ẹ ò yọ ẹnikẹ́ni yẹn. Ṣé torí mi ni?"

Màmá yí ojú sí mi.

"Torí ẹ ni."

Ọwọ́ mi dúró.

"Mo jókòó sí tábìlì, mo ń fagi lé orúkọ. Mo ti fagi lé mẹ́rìnlá. Mo dé orí tìẹ, mo fa ìlà dé ìdajì, ọwọ́ mi kọ̀. Mo ní kí n fò ó, ta ló máa mọ̀? Mo sì fò ó. Ẹni tó tẹ̀ lé ẹ, ọmọ ọlọ́mọ, òun náà gba méjìlá. Mo gbé báírò sí i báyìí, ni mo bá rí ìyá Rísíkátù lórí eékún. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí ọwọ́ mi ò kọ̀ lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí àwọn méjìdínlógójì yẹn ń kọjá lábẹ́ ẹ̀. Mo fa ìwé náà ya."

Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ó túmọ̀ sí pé àwọn èèyàn ò parọ́."

"Wọn ò parọ́. Ká ní o mọ ìṣirò ni, ǹ bá yọ gbogbo àwọn yòókù lọ́dún yẹn náà, ǹ bá jẹun, ǹ bá sì sùn." Ó di ọwọ́ mi mú. "Tí mo bá kú, má jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ mọ́ mi."

Ó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, Bọ̀dá Ṣẹ́gun kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Obìnrin tí kò mọ ojúsàájú." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́. Ó ní, "O fẹ́ ba orúkọ ìyá wa jẹ́ ni? Ìwọ, nínú gbogbo èèyàn?" Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń kọ orin ìdágbére fún un, wọ́n pè mí pé kí ọmọ-ọmọ wá sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ àti àwọn prínsípà tó ti fẹ̀yìntì ló kún ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà wà láàárín wọn, òun náà ti ṣe prínsípà lẹ́yìn Màmá, ó sì gba pátákó ewé padà lọ́dún kìíní. Mo mọ bó ṣe gbà á. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò parọ́, torí mi ni. Mo sọ bó ṣe fa ìlà dé ìdajì orúkọ mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Bọ̀dá Ṣẹ́gun fi ọwọ́ bojú. Mo wá wo àwọn tó wà ní ìlà mẹ́ta yẹn, mo bi wọ́n pé nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ti fagi lé láti ọdún wọ̀nyí wá, ta ni nínú wọn tó fagi lé ti ọmọ tiẹ̀ rí. Mo dúró kí wọ́n dá mi lóhùn. Mo dúró títí ẹni tó ń tẹ dùùrù fi bẹ̀rẹ̀ orin.